Ẹni Tó Ń Di Àdììtú Lórí Pátákó Ṣẹ́ẹ̀sì

Iṣẹ́ igbó ni Alexey Troitzky fi ń jẹun. Ìlú St Petersburg lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1866. Níbẹ̀ náà ló ti kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú igbó, kí iṣẹ́ tó gbé e lọ sí agbègbè Smolensk, níbi tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín igi àti yìnyín. Gbọ̀ngàn tí àwọn ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì ti ń fìgagbága jìnnà sí i, kì í sì í ṣe ìdíje ló sọ ọ́ di olókìkí. Síbẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ lónìí láàárín àwọn tó mọ ìparí ayò ṣẹ́ẹ̀sì dénú, wọn yóò ṣí fìlà fún un.

Ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe ni pé ó ń to ọmọ ayò díẹ̀ sórí pátákó, ó sì ń sọ fún ayé pé funfun ni yóò kọ́kọ́ rìn, funfun ni yóò sì borí. Nígbà mìíràn, á ní funfun ti fẹ́ kú, àmọ́ yóò já ara rẹ̀ gbà sí ọ̀mì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo pátákó náà yóò ní kò ṣeé ṣe. Ọmọ ayò dúdú lè pọ̀ ju ti funfun lọ fíìfíì, ọba funfun sì lè wà ní kọ̀rọ̀ kan tó jìnnà sí ìjà. Ọ̀nà àbáyọ wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí àlọ́ àpamọ̀ ló rí: ẹni tó pa á ti mọ ìdáhùn kó tó lanu, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìdáhùn náà yá ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ìdáhùn méjì bá a mu.

Àwọn ọmọ wa tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ Tunde Onakoya àti ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa kò nílò kí n ṣe àlàyé òfin ayò náà fún wọn. Fún ẹni tí kò bá tíì ta á rí, ìwọ̀nba yìí tó. Ojú 64 ló wà lórí pátákó. Lẹ́tà a títí dé h la fi ń kà á láti òsì sí ọ̀tún, nọ́ńbà 1 sí 8 la fi ń kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ: e4, g7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba, ayaba, rúùkù, bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin ni àwọn àgbà. Rúùkù ń rìn gbọnrangandan, bíṣọ́ọ̀bù ń gba igun lọ, ọba ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbi tó bá wù ú. Ọmọ ogun ni àwọn kéékèèké tó ń lọ síwájú láìpadà sẹ́yìn. Èyí tó bá rìn dé ìpẹ̀kun nínú wọn lè di ayaba, tàbí àgbà mìíràn yàtọ̀ sí ọba. Bí wọ́n bá dojú ìjà kọ ọba tí kò sì ríbi sá sí, ayò tán. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó dojú ìjà kọ ọ́, tó kàn jẹ́ pé ẹni tí ó kàn láti rìn kò ní ìrìn kankan tí òfin gbà, ọba náà há, ọ̀mì sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di òfin ìkẹyìn yìí mú ṣinṣin. Orí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹwà iṣẹ́ yìí dúró lé.

Lọ́dún 1895, ìwé ìròyìn Novoye Vremya ní St Petersburg gbé àdììtú kan tí Troitzky dì jáde. Ẹ jẹ́ ká fò dé ìrìn kẹta, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Funfun ní ọba ní d5, bíṣọ́ọ̀bù ní h6, ọmọ ogun kan ní g7. Dúdú ní ọba ní f7, ọmọ ogun méjì ní e7 àti h7. Ó ku ẹsẹ̀ kan péré kí ọmọ ogun funfun di ayaba, ṣùgbọ́n ọba dúdú ti dúró tì í gbágbá. Tó bá wọ g8, ọba á jẹ ẹ́. Kí ni kí funfun ṣe?

Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni pé kí ọba funfun sún mọ́ ìjà. Ó lọ sí e5, ọba dúdú wọ g8. Ó tún lọ sí e6, wàhálà sì dé. Ẹ wo ọba dúdú níbi tó wà. Ọmọ ogun funfun tó wà ní g7 ń ṣọ́ f8 àti h8. Ọba funfun ń ṣọ́ f7. Ọmọ ogun náà fúnra rẹ̀ kò ṣeé jẹ, torí bíṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ogun dúdú tó wà ní e7 kò lè rìn, ọba funfun dí i lójú; èyí tó wà ní h7 kò lè rìn, bíṣọ́ọ̀bù dí i lójú. Kò sí ẹni tó dojú ìjà kọ ọba dúdú, kò sì sí ìrìn kankan tó kù fún un. Ó há. Ọ̀mì ni. Ọmọ ogun tí funfun gbójú lé gan-an ló kó o sí wàhálà.

Ìdáhùn Troitzky ni pé kí funfun fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọmọ ogun náà tọrẹ. Ó tì í wọ g8, ó di ayaba, ó sì dojú kọ ọba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ọba dúdú bá sá, ayaba wà láàyè, kò sóhun tó kù láti sọ. Dandan ni kó jẹ ẹ́. Ìgbà yìí ni ọba funfun wá wọ e6. Gbogbo nǹkan rí bíi ti ìṣáájú, àyàfi pé kò sí ọmọ ogun ní g7 mọ́, h8 sì ti ṣí sílẹ̀. Ọba dúdú kò ní ibòmíràn, ó wọ h8. Ọba funfun wọ f7. Dúdú kò ní ìrìn mìíràn ju pé kó ti ọmọ ogun e7 síwájú. Bíṣọ́ọ̀bù wọ g7, ọba dúdú sì kú sí kọ̀rọ̀ náà, ọmọ ogun tirẹ̀ tó wà ní h7 ló dínà mọ́ ọn.

Ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì mọ̀ pé ọba àti bíṣọ́ọ̀bù kan kò lè pa ọba tó dá wà. Níbí, ohun méjèèjì tó kù fún funfun nìyẹn, wọ́n sì pa á, torí pé ọmọ ogun dúdú wà níbi tí kò yẹ kó wà. Àdììtú tó gùn ju èyí lọ pọ̀, èyí tó díjú jù ú lọ pọ̀ pẹ̀lú, àmọ́ mi ò mọ èyí tó fi ọmọ ayò díẹ̀ báyìí sọ ohun tó tó báyìí.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń dé irú ibẹ̀? Kì í ṣe láti iwájú. Àwọn tó ń di àdììtú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Wọ́n á rí àwòrán kan lọ́kàn: ọba dúdú ní h8, ọmọ ogun rẹ̀ ní h7, bíṣọ́ọ̀bù ní g7, ọba funfun ní f7. Wọ́n á wá máa rìn padà sẹ́yìn. Níbo ni bíṣọ́ọ̀bù ti wá sí g7? Ó ní láti jẹ́ h6, kó lè máa dí ọmọ ogun h7 lọ́nà. Kí ló lé ọba dúdú wọ kọ̀rọ̀? Kò sí ibòmíràn tó lè gbà. Kí ló dé tí dúdú kò fi há? Torí pé ọmọ ogun e7 ń rí àyè rìn nígbà tí ọba funfun bá kúrò ní e6. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ tán ni ìrònú mìíràn á bọ́ sí wọn lọ́kàn: bí ohun kan bá wà ní g7 ńkọ́, tí ọ̀mì fi wà níbẹ̀, tí funfun fi ní láti kọ́kọ́ mú un kúrò? Láti ìgbà yẹn ni àwòrán ti di àdììtú. Ṣáájú rẹ̀, ikú ọba lásán ni.

Kò sí ìgbésẹ̀ kankan lójú ọ̀nà yìí tí kì í mú ewu tirẹ̀ wá. Tí o bá fi ọmọ ogun kan dí ihò kan, ó lè ṣí ihò méjì. Tí o bá gbé ọba dúdú sún ẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún kí ìbẹ̀rẹ̀ lè dùn, òpin tí o fẹ́ràn lè má wáyé mọ́. Àdììtú kan lè wà lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kódà fún ọdún, nítorí ìrìn dúdú kan ṣoṣo tí kò gbà kó pé. Nígbà ayé Troitzky, kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè bá ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọpọlọ, ìwé àti pẹ́ńsù ni.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí wà níbí. Ẹni tó ń ta ayò, ire tirẹ̀ nìkan ló ń wá. Bí ọ̀tá rẹ̀ bá ṣìṣe, inú rẹ̀ a dùn, a sì gba ẹ̀bùn náà láìdúpẹ́. Ẹni tó ń di àdììtú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti fi gbogbo agbára rẹ̀ gbèjà dúdú, kó wá ohun tó le jù lọ tí dúdú lè ṣe, kó tún wá èyí tó le ju ìyẹn lọ. Torí pé bí ó bá gbójú fo ìrìn kan ṣoṣo tó lè gba dúdú là, ohun tó pè ní ìṣẹ́gun kì í ṣe ìṣẹ́gun mọ́. Irọ́ tó rẹwà kò wúlò nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbẹ́ funfun náà ní tirẹ̀: bí funfun bá ní ọ̀nà kejì láti borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà gùn, tí kò sì fani mọ́ra rárá, àdììtú ti bàjẹ́. Ẹni tó tú u lọ́nà yẹn kò ṣẹ̀, ẹni tó dì í ló jẹ̀bi.

Ní ọdún 1895 yẹn kan náà, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, tó fi èyí hàn kedere. Georges Barbier ló ń kọ ojú ewé ṣẹ́ẹ̀sì nínú ìwé ìròyìn Glasgow Weekly Citizen. Ó gbé ìparí ayò kan jáde tó fà yọ láti inú ayò tí Fenton àti Potter ta lọ́dún 1875. Funfun ní ọba àti ọmọ ogun kan tó ti fẹ́ dé òkè. Dúdú ní ọba ní a1 àti rúùkù kan. Rúùkù náà ń fi ìjà lé ọba funfun kiri títí ọba fi dé c2. Nígbà tó dà bíi pé kò sóhun tó lè dí ọmọ ogun lọ́wọ́ mọ́, rúùkù bọ́ sí d4. Bí ọmọ ogun bá di ayaba ní c8, rúùkù á wọ c4, á sì dojú kọ ọba. Ayaba gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Bó bá jẹ ẹ́ tán, ọba dúdú há ní a1. Ọ̀mì ni, gẹ́gẹ́ bí Barbier ṣe wí.

Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kan ń gbé ní ìlú náà, Fernando Saavedra lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ta ayò. Ohun tó rí ni pé ọmọ ogun náà kò gbọdọ̀ di ayaba, rúùkù ni kó dà. Rúùkù kì í ṣọ́ igun bíi ti ayaba, nítorí náà tí rúùkù dúdú bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní c4 tí wọ́n sì jẹ ẹ́, ọba dúdú á ṣì ríbi gbà, á sì ku rúùkù kan gbáko lọ́wọ́ funfun. Ìhámọ́ pòórá. Rúùkù tuntun yìí sì ti ń halẹ̀ láti wọ a8 kó pa ọba. Dúdú kò ní ju kó sá lọ fi rúùkù tirẹ̀ dí i ní a4. Ọba funfun wá gbé ẹsẹ̀ kan péré, ó wọ b3. Ó ń fẹ́ jẹ rúùkù dúdú, rúùkù funfun sì ń fẹ́ wọ c1 láti pa ọba. Ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, dúdú kò sì lè dí méjèèjì. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti pè ní ọ̀mì di ìṣẹ́gun. Saavedra kò ṣe ohun mìíràn nínú ṣẹ́ẹ̀sì tí ayé rántí, ìrìn kan ṣoṣo yìí ló gbé orúkọ rẹ̀ ró títí dòní.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń di àdììtú kì í fi bínú sí ẹni tó bá tọ́ka sí àṣìṣe wọn, tàbí kí n sọ pé, wọ́n kọ́ láti má bínú. Àwọn òǹkàwé ni adájọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí o kò rí rí, ní ìlú tí o kò dé rí, lè wó iṣẹ́ ọdún méjì.

Àdììtú tí ó tíì gbayì jù lọ láyé kò ní ju ọmọ ayò mẹ́rin lọ. Richard Réti ló dì í lọ́dún 1921. Ọ̀ta ayò gidi ni Réti. Òun ló ṣẹ́gun José Raúl Capablanca, ọmọ Cuba tó jẹ́ olúborí àgbáyé, ní New York lọ́dún 1924, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò rí Capablanca bì ṣubú. Nínú àdììtú rẹ̀, ọba funfun wà ní h8, ọmọ ogun rẹ̀ wà ní c6. Ọba dúdú wà ní a6, ọmọ ogun rẹ̀ wà ní h5. Funfun ni yóò rìn, ó sì ń wá ọ̀mì. Ẹ fi ojú wò ó: ọmọ ogun dúdú ń sá lọ láti di ayaba, ọba funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò lè bá a. Ọmọ ogun funfun tún jìnnà sí ọba tirẹ̀, ọba dúdú sì wà nítòsí rẹ̀ láti jẹ ẹ́. Ọmọdé tó ti ta ṣẹ́ẹ̀sì fún oṣù mẹ́fà á sọ fún yín pé funfun ti kú.

Ọba funfun gba igun lọ. Ó wọ g7, ó wọ f6, ó wọ e5. Ìrìn kọ̀ọ̀kan mú un sún mọ́ ọmọ ogun dúdú, ìrìn kan náà sì mú un sún mọ́ ọmọ ogun tirẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lépa nǹkan méjì tó wà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á pàdánù méjèèjì. Lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ kan tí ọba gbà ní igun gbé e lọ sókè-sódò àti sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó bá dé e5, bí ọba dúdú bá jẹ ọmọ ogun c6, ọba funfun á wọ f4, á sì lé ọmọ ogun dúdú bá. Bí ọmọ ogun dúdú bá sì ń sá lọ, ọba funfun á wọ d6, á ti ọmọ ogun tirẹ̀ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á di ayaba, ọ̀mì. Kò sí ọmọ ayò kan tó wà níbẹ̀ fún ẹwà. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, kò sí nǹkan tó kù.

Owó kò sí nídìí iṣẹ́ yìí. Henri Rinck, ọmọ Faransé tó lo ìgbà pípẹ́ ní Badalona lẹ́gbẹ̀ẹ́ Barcelona, dì tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1950 fi ní 1414 nínú, onímọ̀ kẹ́mísìrì sì ni. Gia Nadareishvili ti ilẹ̀ Georgia, dókítà àrùn iṣan ọpọlọ ni. Genrikh Kasparyan, tí wọ́n bí ní Tbilisi lọ́dún 1910, yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ó lágbára nínú ìdíje náà débi pé ìgbà mẹ́wàá ló gba ipò olúborí ilẹ̀ Armenia; síbẹ̀ àdììtú ló mú orúkọ rẹ̀ dé ibi gbogbo. Ó tún kó iṣẹ́ àwọn mìíràn jọ: ìwé rẹ̀ kan lórí bí a ṣe ń gba gbogbo ojú lọ́wọ́ ọmọ ayò ọ̀tá ní àdììtú 2545 nínú.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà fi ń dé ọ̀dọ̀ ayé kò tíì yí padà púpọ̀. Ìwé ìròyìn kan á kéde ìdíje, wọ́n á yan adájọ́. Àwọn àdììtú á máa jáde láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tó bá tó àkókò, adájọ́ á gbé ìdájọ́ àkọ́kọ́ jáde, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó bá rí àṣìṣe, tàbí ẹni tó bá rántí pé ẹnìkan ti dì í ṣáájú, lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdájọ́ á dúró. Ìwé ìròyìn EG, tí John Roycroft dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju àdììtú ìparí ayò lọ. Oyè náà wà. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnìkan joyè Grandmaster fún dídì àdììtú, Kasparyan sì wà lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé àkójọ tí wọ́n ń pè ní FIDE Album, níbi tí adájọ́ mẹ́ta ti ń fún àdììtú kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4, tí èyí tí kò bá ní 8 lápapọ̀ kì í sì í sábà wọlé. Máàkì 70 ni wọ́n ń béèrè fún oyè Grandmaster, àdììtú ìparí ayò kan sì ń mú máàkì kan àti ìdá méjì nínú mẹ́ta wá. Ẹ ṣírò rẹ̀, 42 ni. Àdììtú méjìlélógójì tí gbogbo ayé wá àbùkù rẹ̀ títí tí kò rí. Iṣẹ́ ogójì ọdún ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn kì í sì í débẹ̀ láyé wọn.

Troitzky kò rí oyè yẹn. Ní ti tirẹ̀, ìjọba Rọ́ṣíà fún un ní oyè àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́dún 1928, wọ́n kà á mọ́ àwọn olórin àti àwọn òṣèré, mo sì rò pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Ìwé rẹ̀ tó ní àdììtú 500 ti jáde ní Berlin lọ́dún 1924. Òmíràn jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1937. Ó ti darúgbó, ó sì wà ní ìlú tí wọ́n bí i sí, tí wọ́n ti sọ di Leningrad, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì yí ìlú náà ká ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941. Oúnjẹ kò wọlé. Leonid Kubbel, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí kan náà, kú níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1942. Ebi pa Troitzky kú ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, lẹ́ni ọdún 76. Àwọn ìwé tó fọwọ́ kọ sílẹ̀ ṣègbé ní ìlú náà. Kò sí ẹni tó lè sọ iye àdììtú tó wà nínú wọn, tàbí èyí tó ku ìrìn kan kó pé.

Kí ọgọ́rùn-ún ọdún wa tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ken Thompson ní Bell Labs lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa rìn sẹ́yìn láti ikú ọba, ìrìn kan lẹ́yìn òmíràn, títí tí yóò fi mọ òtítọ́ nípa gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò mélòó kan lè gbà tò sórí pátákó. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí àwọn tó ń di àdììtú ń gbà ronú gan-an nìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tó já bọ́ ni ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan. Láti ọdún 1851 tí Kling àti Horwitz ti tẹ ìwé wọn jáde ní London ni a ti gbà pé bíṣọ́ọ̀bù méjì kò lè borí ẹṣin kan tó bá sá sí ibi ààbò kan báyìí. Lọ́dún 1983, ẹ̀rọ Thompson ní irọ́ ni, wọ́n lè borí, ó kàn lè gba ìrìn 66. Gbogbo àdììtú tó ti fi ìgbàgbọ́ yẹn ṣe ìpìlẹ̀ wó lọ́jọ́ kan.

Ní ọdún 2012, àwọn kan ní Yunifásítì Moscow ti parí ìṣirò náà fún ọmọ ayò méje. Ẹni tó ń di àdììtú lónìí ń fi ẹ̀rọ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó fi ránṣẹ́. Ó tún ní láti yẹ àkójọ Harold van der Heijden ti ilẹ̀ Netherlands wò, èyí tó ti ju àdììtú 90,000 lọ, kó má baà di ohun tí ẹlòmíràn ti dì. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ náà. Mi ò bá wọn bẹ̀rù. Ẹ̀rọ mọ gbogbo ibi tí funfun ti borí, kò sì fẹ́ràn ọ̀kan ju ìkejì lọ. Ènìyàn ló ń yan èyí tó yẹ kí àwọn ẹlòmíràn rí. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn kan ń wọ inú ìṣirò náà lọ, wọ́n á he ohun tó bá dà bíi pé ó rẹwà, wọ́n á sì fi orúkọ ara wọn sí i. Àwọn adájọ́ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí irú rẹ̀. Ní tèmi, ohun tí o he lórí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí o hun.

Ẹ̀rọ kan náà ló wá dá Troitzky láre lórí iṣẹ́ tó gbà á lákòókò jù lọ. Ẹṣin méjì àti ọba kan kò lè fi ipá pa ọba tó dá wà. Bí wọ́n bá ti sé e mọ́ kọ̀rọ̀ tán, ó ku ìrìn kan kó kú, ó ti há. Ṣùgbọ́n bí dúdú bá ní ọmọ ogun kan lórí pátákó, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ ogun náà ń fún dúdú ní ìrìn tí kò fẹ́, kò sì ní lè há. Ẹṣin kan á dúró níwájú rẹ̀ láti dá a dúró, ọba funfun àti ẹṣin kejì á lé ọba dúdú lọ sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ẹṣin tó ń ṣọ́nà á kúrò, á sáré wá síbi ikú náà, kí ọmọ ogun dúdú tó rìn dé ìpẹ̀kun. Ìbéèrè tó kù ni pé: ibo ni ọmọ ogun náà gbọ́dọ̀ dúró sí, kí àkókò lè tó?

Troitzky dáhùn rẹ̀ fún gbogbo ìlà mẹ́jọ tó wà lórí pátákó. Bí ọmọ ogun dúdú kò bá tíì kọjá a4, b6, c5, d4, e4, f5, g6 tàbí h4, tí ẹṣin sì ti dá a dúró níbẹ̀, funfun yóò borí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìlà náà títí dòní. Ọwọ́ ló fi ṣe é, ìṣẹ́gun mìíràn nínú rẹ̀ sì lè gba ìrìn tó tó 115. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n rí i pé ìlà náà dúró síbi tó fà á sí.

Nínú ìdíje, bí ìrìn 50 bá kọjá láìjẹ ọmọ ayò kankan, láìti ọmọ ogun kankan, ẹni tí ìyà ń jẹ lè béèrè fún ọ̀mì, adájọ́ á sì fún un. Ìwé òfin àwọn tó ń di àdììtú kò gba ìyẹn wọlé. Bí ìṣẹ́gun bá wà lórí pátákó, ìṣẹ́gun ni, ì báà gba ìrìn 115.